Iye Tí Mo Wọ̀n Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Wọ́n pe nọ́ńbà mi ní kíláàsì lónìí. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀. Mi ò ṣẹ̀. Olùkọ́ wa ní kí ẹni méjì jáde síwájú: èmi, àti Àǹtí Aránṣọ.

Olùkọ́ náà, Ẹ̀rí-Dà ni mò ń pè é níbí – níbí nìkan o. Obìnrin kúkúrú, ohùn jẹ́jẹ́. Bó o bá sọ fún un pé oòrùn yọ láàárọ̀, á ní, "Ẹ̀rí dà?"

Àǹtí Aránṣọ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èmi méjìdínlógún. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ránṣọ kó tó wọlé ìwé. Ọdún kìíní la jọ wà, àmọ́ ẹnu mi ò gbà á láti pè é lórúkọ. Àǹtí ni, "ẹ" sì ni. Òun náà ń pè mí ní àbúrò, bíi pé a jọ mu ọmú kan náà.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa: ilé ìwòsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ogójì ẹgbẹ̀rún káàdì nínú kọ̀ǹpútà kan tó ti darúgbó. Tí aláìsàn bá dé, nọ́ọ̀sì á tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀, àwọn méjèèjì á wá máa wo ara wọn títí ẹ̀rọ á fi rí i. Kí kálukú wa kọ ètò tí á máa wá káàdì. Èyí tó bá yá jù ni wọ́n á gbé lọ sílé ìwòsàn, ẹni tó kọ ọ́ ni á sì gba àga kan ṣoṣo tó ṣófo ní yàrá ìwádìí Ẹ̀rí-Dà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan ò tíì jókòó níbẹ̀ rí.

Wọ́n ti yan ẹni tí kò yẹ. Mo mọ̀. Wọ́n máa tó mọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo kọ ètò náà, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, àmọ́ ó rí wúruwùru. Mo yọjú wo ti Àǹtí Aránṣọ. Ó mọ́ tónítóní, kò sí okùn kan tó ta sílẹ̀ níbì kankan.

Ó sọ fún mi lónìí pé ọdún kan péré ni òun dá fún ara òun. Tí òun bá rí i pé orí òun gba iṣẹ́ yìí láàárín ọdún kan, òun á dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á padà sídìí máṣíìnì. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò rí ẹ̀rín rín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Àǹtí kó ètò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń wọn àkókò. Bá mi wọn tèmi pọ̀ mọ́ tìẹ." Ó ní iṣẹ́ kan wà tí òun fẹ́ parí. Ó lọ. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Aago mẹ́jọ. Baba Kọ́kọ́rọ́ – àgbàlagbà tó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́rọ́ bí ogún ní ìbàdí – ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan ẹ̀rọ. Èyí tó wà ní igun ni mo lò. Èjìrẹ́ ti ilé ìwòsàn ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n, ọdún kan náà ni wọ́n jọ gbó.

Mo kọ ìdánwò kékeré kan. Wo aago. Ní kí ètò wá ẹgbẹ̀rún káàdì. Tún aago wò. Yọ ti ìṣáájú kúrò nínú ti ìkẹyìn. Ó parí. Ètò Àǹtí ni mo fi ṣíwájú – àgbà ló ń ṣíwájú. Tèmi tẹ̀lé e.

Ti Àǹtí: ìṣẹ́jú àáyá 9.6.
Tèmi: 3.1.

Mo wo iye náà títí ojú fi ń ta mí. Èmi. Wúruwùru mi yìí. Ó yẹ kí n tún un wọ̀n. Ọwọ́ mi ti dé orí bọ́tìnì. Mo gbé e kúrò. Ìwé yìí ò ní bá mi wí, nítorí náà kí n sọ òótọ́ níbẹ̀: ẹ̀rù bà mí kó má lọ yí padà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Gbogbo kíláàsì, títí kan àwọn tó máa ń jókòó lẹ́yìn láti sùn.

Mo kọ iye méjèèjì sójú pátákó. Mo ti ń retí ìbéèrè Ẹ̀rí-Dà, mo ti há ìdáhùn sórí látàárọ̀. Kò béèrè. Wọ́n ń dúró dè é níbi ìpàdé kan, ó sì ti pẹ́. Ó wo 9.6, ó wo 3.1, ó yọ̀ fún mi pé ìlọ́po mẹ́ta ni mo fi yá, ó ní kí n wá gba àga mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rèé tí mo máa rí i tí kò béèrè ẹ̀rí.

Àǹtí Aránṣọ pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́ pẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ó ní ọwọ́ ọmọdé yá, ọwọ́ òun ti le ju. Ẹnì kan lẹ́yìn ní kó lọ gé ètò rẹ̀ kúrú bí ẹni gé ṣòkòtò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Inú mi dùn. Kí n má purọ́, inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Màámi pè. Ó ti sọ fún gbogbo ará ilé, ó ti sọ fún ìyàwó àbúrò bàbá mi tí wọn ò tiẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá. Tìtorí èmi ni wọ́n ṣe parí ìjà. Ó ní òun mọ̀ pé ọmọ òun ò ní dójú ti òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Síìpù báàgì mi já lọ́sàn-án. Àǹtí Aránṣọ ní kí n mú un wá. Abẹ́rẹ́ àti òwú kì í wọ́n nínú báàgì tirẹ̀. A jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ìkàwé, ó ń rán an, ó ń sọ ìtàn. Ó ní nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, ọ̀gá òun fi aṣọ ilé ìwé ọgbọ̀n ọmọ lé òun lọ́wọ́. Òun wọn aṣọ tuntun bó ṣe ti ọjà dé, òun gé e, òun rán an, ó bá gbogbo wọn mu rẹ́gí. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọgbọ̀n ọmọ, ṣòkòtò gbogbo wọn dúró sí agbede ojúgun. Ó ní wọ́n tò sórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé bí àkùkọ tó fẹ́ ré odò kọjá.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó wá já òwú pẹ̀lú eyín, ó ní, "Aṣọ tí omi ò tíì kàn, irọ́ ni gbogbo ìwọ̀n tó o bá wọ̀n lára rẹ̀. Rẹ ẹ́ ná. Sá a. Kó o tó wá mú téèpù."

Mo rántí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn láàárọ̀ ọjọ́bọ̀. Mo dúpẹ́, mo gba báàgì, mo ní mo ní iṣẹ́.

Yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ igun. Mo pa á, mo tún un tàn, kó lè rí bó ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi tèmi ṣíwájú.

Tèmi: 10.9.
Ti Àǹtí: 1.7.

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i láìpa ẹ̀rọ, mo ń pààrọ̀ ẹni tó ń ṣíwájú. Tèmi ò kúrò ní 3.0, 3.1. Tirẹ̀ ò kúrò ní 1.7.

Ó yé mi. Fáìlì káàdì tóbi. Ètò tó bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ni á lọ gbé gbogbo rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí, ibẹ̀ sì falẹ̀ bí ìgbín. Èyí tó bá tẹ̀lé e á bá a ní àrọ́wọ́tó, nínú iyè ẹ̀rọ. Ó dà bí ẹni méjì tó fẹ́ wẹ̀: ẹnì kan lọ fa omi lókèèrè, ó kún ìkòkò, ẹnì kejì wá bù ú wẹ̀, wọ́n wá ń yìn ín pé ìwẹ̀ rẹ̀ yá. Àǹtí ló fa omi. Èmi ni mo wẹ̀.

Ó sì jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un tí mo fi fi í ṣíwájú. Ọ̀wọ̀ yẹn ló ṣe é léṣe.

Ètò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì yá ju tèmi lọ. Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo sọ fún Baba Kọ́kọ́rọ́ pé ó dàárọ̀. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní ara mi le.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo jókòó sórí àga náà lónìí. Àga lásán ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tilẹ̀ kúrú. Mi ò lè fẹ̀yìn tì í.

Ẹ̀rí-Dà ní kí Baba Kọ́kọ́rọ́ mú Ìwé Àṣìṣe wá fún mi kà, torí gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá náà ni wọ́n ń fún. Ìwé ńlá kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ á kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì kọ ọjọ́ mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀: ọjọ́ tí mo ṣe é, ọjọ́ tí mo rí i, ọjọ́ tí mo sọ ọ́. Ẹni tí àṣìṣe náà kàn á wá fọwọ́ sí i.

Ẹ̀rí-Dà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Aago tó ń sọ àkókò ọjọ́ fún wa ló fi wọn iṣẹ́ kan, ẹ̀rọ wá fa aago náà sẹ́yìn láti tún un ṣe láàárín ìgbà tí ètò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Iye tó jáde ní ètò náà parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Baba Kọ́kọ́rọ́ ní ẹni tó bímọ kó tó lóyún nìyẹn. Ọjọ́ kan náà ló kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ó ṣe é, ó rí i, ó sọ ọ́.

Mo bi Baba bóyá wọ́n ti lé ẹnikẹ́ni rí nítorí ohun tó kọ síbẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní àṣìṣe kì í léèyàn níbí. Àlàfo tó wà láàárín ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni wọ́n fi ń mọ èèyàn.

Ó dà bíi pé ó mọ̀. Kò mọ̀. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ohun tí mo fi ń tan ara mi látàárọ̀:
– Ètò tèmi náà yá ju èyí tó wà nílé ìwòsàn lọ. Kò sí aláìsàn tí á kú.
– Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.
– Olùkọ́ ni ò béèrè ẹ̀rí.
– Àǹtí ò bínú.

Òwe tó wà fún irú èmi pọ̀. Mi ò ní kọ ọ̀kankan síbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Èyí ni mi ò fẹ́ kọ rárá.

Mo dá ọgbọ́n kan. Tí mo bá lè mú kí ètò mi yá ju ti Àǹtí lóòótọ́, irọ́ náà á di òótọ́, kò sì ní sí ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo jókòó tì í láti àárọ̀. 3.0 di 2.7. 2.7 di 2.4. Ibẹ̀ ló dúró sí, kò lọ, kò bọ̀.

Mo ṣí ètò Àǹtí. Mo ní mo kàn fẹ́ wò ó ni. Ó ti to nọ́ńbà àwọn káàdì sí ìpele ìpele, bí ẹni ka aṣọ sínú àpótí, tó fi jẹ́ pé kò ní tú gbogbo rẹ̀ kó tó fa ọ̀kan yọ. Ó lẹ́wà. Mo kọ tèmi bíi tirẹ̀.

1.8.

Mo jókòó, mò ń wo 1.8. Mo ti gba àga rẹ̀, mo tún wá gba ọgbọ́n rẹ̀ láti fi jókòó dáadáa lórí àga náà.

Mo pa á rẹ́. Kì í ṣe pé mo dára o. Ojú ló tì mí, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Àǹtí Aránṣọ ò wá sí kíláàsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo rí i lórí àtẹ̀gùn wa. Ó ní òun ti gba fọ́ọ̀mù láti fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ti ń pa máṣíìnì rẹ̀ mọ́ fún un, àmọ́ ọmọbìnrin kan ti fẹ́ gbà á, wọn ò sì lè dúró kọjá ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí. Nítorí náà, ó máa fi fọ́ọ̀mù ìfisílẹ̀ náà sílẹ̀ lọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ti fún ara òun lódiwọ̀n, ìwọ̀n náà sì ti jáde. Ìlọ́po mẹ́ta. Ó ní tó bá jẹ́ díẹ̀ ni òun fi falẹ̀, òun ì bá sọ pé òun á kọ́ ọ. Ìlọ́po mẹ́ta kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́, àbí?

Mo gbé ojú sí síìpù báàgì mi.

Ó ní ìwọ̀n ò mọ ojúsàájú, ìyẹn ló jẹ́ kí òun gbà á. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láìpariwo, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó ní kí n má dá òun lóhùn, ó máa kọjá lọ. Mo jókòó tì í. Mo fi ọwọ́ lé e léjìká. Mo fi ọwọ́ yìí, tí mo fi ń kọ̀wé yìí, lé e léjìká, mo sì ń sọ fún un pé "ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí".

Ó ní ọmọ rere ni mí.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Ẹ̀rí-Dà. Ní àkọ́kọ́, mo gbọ́ ohùn ẹlòmíì nínú, mo yára padà, inú mi dùn pé ó lálejò. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, òun nìkan ló wà. Ó ní kí ni. Mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá kíláàsì wà lọ́la. Ó ní kíláàsì ń wà ní gbogbo ọjọ́bọ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé. Mo ní ẹ ṣé, mà.

Ọ̀la ló kù. Ọ̀túnla, fọ́ọ̀mù.

Mo pe Màámi kí n lè sọ fún un, kí n fi dán ẹnu mi wò. Ó gbé fóònù pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Ọ̀gá wọn." Mo ní mo kàn pè láti kí i ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ti sọ ọ́.

Mo wọlé lọ bá Ẹ̀rí-Dà láàárọ̀, mi ò jókòó, torí mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó mo máa wá ọ̀rọ̀ míì sọ. Mo ní ìwọ̀n mi kò tọ̀nà. Ètò Àǹtí ló yá jù. Mo fi tirẹ̀ ṣíwájú lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì wọ̀n ọ́n.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Kò bínú. Ó dìde, ó ní, "Wá wọ̀n ọ́n lójú mi."

A lọ sídìí ẹ̀rọ igun. Ó ní kí n pa á, kí n tàn án, kí n fi Àǹtí ṣíwájú. Kí n pa á, kí n tàn án, kí n fi ara mi ṣíwájú. Lẹ́yìn náà, kí n jẹ́ kí ètò méjèèjì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan láìka iye wọn sí, kí n tó wá wọ̀n wọ́n ní ọgbọ̀n ìgbà, kí n mú iye tó bọ́ sáàárín. Wákàtí kan àbọ̀. Ohun tó sọ nígbẹ̀yìn ni pé òun náà jẹ̀bi, ọjọ́ kan ṣoṣo tí òun ò béèrè ẹ̀rí ni ọjọ́ yẹn. Ó rán Baba Kọ́kọ́rọ́ lọ pe Àǹtí.

Àǹtí wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Mo rí etí fọ́ọ̀mù náà tó yọ síta. Èmi ni Ẹ̀rí-Dà ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Ó fetí sílẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ka àwọn iye náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. 1.7. 1.7. 1.7. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó wá yíjú sí mi. "Àbúrò, ìgbà wo lo mọ̀?"

Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mi ò múra sílẹ̀ fún. Ẹ̀rí-Dà ń wò mí. Baba Kọ́kọ́rọ́ ń wò mí.

"Àná, mà."

Ó fà mí mọ́ra. Ó ní Ọlọ́run á gbè mí, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá fi í pamọ́. Ẹ̀wù rẹ̀ ń rùn bí aṣọ tuntun. Mi ò lè gbé ojú sókè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Ó ti ya fọ́ọ̀mù náà. Ó ti pe ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ pé kó máa fún ọmọbìnrin yẹn ní máṣíìnì. Ètò rẹ̀ ń lọ sílé ìwòsàn. Òun ló ni àga. Ohun tó yẹ kí n máa yọ̀ sí nìyí, mo sì ń yọ̀, lábẹ́ ohun tó bò mí mọ́lẹ̀.

Torí Àǹtí dìde ní kíláàsì lónìí, ó sọ fún gbogbo wọn pé èmi fúnra mi ni mo rí àṣìṣe náà, pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti wá sọ ọ́. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹni tó ní kí Àǹtí gé ètò kúrú bíi ṣòkòtò bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ìgbà kejì rèé tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún iye tí kì í ṣe òótọ́.

Bí a ṣe ń jáde, Ẹ̀rí-Dà ní kí n kọ ọ́ sínú Ìwé Àṣìṣe lọ́jọ́ Ajé. Òun ti kọ tòun. Àǹtí á fọwọ́ sí tèmi.

Ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Ti àga, ti Àǹtí, àti ti "àná". Ó ní òun á mọ bí òun á ṣe sọ ọ́ fún àwọn ará ilé, ìyẹn kì í ṣe ẹrù mi. Ó wá bi mí pé nígbà tí mo purọ́ ọjọ́ náà, ta ni mò ń dáàbò bò? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní mo mọ̀.

Tí mo bá kọ ogúnjọ́ síbẹ̀, kò sí ẹni tí á mọ̀ láéláé. Àlàfo náà á jẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n á máa fi ojú-ewé yẹn kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Baba Kọ́kọ́rọ́ ṣí ìwé náà sórí tábìlì, ó lọ. Èmi àti Àǹtí ló kù. Ó ń tan ẹ̀rọ igun, wọ́n ní kó tún ètò náà wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ sílé ìwòsàn lọ́sàn-án.

Mo kọ ohun tí mo ṣe. Ìlà mẹ́rin. Mo wá kọ ọjọ́.

Ọjọ́ tí mo ṣe é: ọjọ́ keje.
Ọjọ́ tí mo rí i: ọjọ́ kejìlá.
Ọjọ́ tí mo sọ ọ́: ọjọ́ kọkànlélógún.

Mo yí ìwé náà sí i. Ó mú bírò, ó tẹ̀ síwájú láti fọwọ́ sí i, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kà á. Mo rí ibi tí ojú rẹ̀ dúró sí. Ó padà sókè, ó tún un kà.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tá a jókòó sórí àtẹ̀gùn," ó ní, "tí mò ń sunkún."

"Mo ti mọ̀, mà. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan."

Mo ní ẹ jọ̀ọ́. Mo ní irọ́ ni mo pa lọ́jọ́bọ̀, níwájú gbogbo yín. Ó mi orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún. Ó fọwọ́ sí i. Ó dé bírò, ó pa ìwé náà dé.

Mo rò pé á ní kí n máa lọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fa àga sídìí ẹ̀rọ, ó ní ilé ìwòsàn ń dúró, kí n máa pe iye náà fún òun, òun á máa kọ ọ́. Kò pè mí ní àbúrò. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A sọ ti àkọ́kọ́ nù, bó ṣe yẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

"1.7."

Kó tó kọ ọ́, ó gbórí sókè, ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó lójú ẹ̀rọ. Ó wá kọ ọ́.

"1.7."

Ó tún gbórí sókè.

Ọgbọ̀n iye ni. Bó ṣe ṣe gbogbo wọn nìyẹn.